Albumin Tó Wálẹ̀ Nínú Oyún

Lóru ọjọ́ kan, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Badore, ní Ajah níbí, fi fọ́tò èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Oyún ẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Albumin ẹ̀ jẹ́ giráàmù 31 nínú lítà kan, lẹ́tà L pupa sì wà níwájú ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀dọ̀ mi ti ń bàjẹ́?"

Rárá o. 35 sí 50 tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ti ẹni tí kò lóyún ni. Tẹ́ ẹ bá bu omi la ọbẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀ ò dín, àmọ́ ọbẹ̀ á tẹ́. Nínú oyún, omi ẹ̀jẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, kó lè tó ìyá tó ọmọ. Albumin tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òun ló sì ń fa omi mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, torí náà omi díẹ̀ á máa jò lọ sẹ́sẹ̀. Ó wà lára ohun tí bàtà àárọ̀ kì í fi í wọlé mọ́ nírọ̀lẹ́. Màmá wa ní kó máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà. Kó jẹ ẹ́ o, àmọ́ kì í ṣe àìjẹun ló fà á.

Ìtọ̀ ni mo bi í léèrè. Purotéènì tó fẹ́lẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kíndìnrín ń jò sínú ìtọ̀. Tí wọ́n bá rí i níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì dé 140/90, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká dúró dọ̀la. Tiẹ̀ mọ́, 118/74 ni.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni fibrinogen, purotéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Òun ń gòkè ni: láti 2 sí 4, ó lè di 4 sí 6. Kó tó di ọjọ́ ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ilé ọmọ kọjá máa ń tó ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan. Tí olóbì bá já kúrò, ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè dí. Ara ti ń múra dè é tipẹ́.

Lẹ́yìn ìbímọ, ìyá á máa tọ̀, á máa làágùn, omi tó pọ̀jù á jáde, albumin á máa gòkè bọ̀. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ṣì lè tètè dì sínú iṣan, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́. Tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó ń dunni, tàbí tí èémí ò délẹ̀, ọsibítù ni, ẹ má pè é ní àárẹ̀ ìbímọ.

Obìnrin ló bí. Nígbà àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà, albumin ẹ̀ ti di 40.