Owó Oṣù Tó Lé: Èló Ni Ọ̀gá Lè Yọ Padà?

Nígbà tí ilé ẹjọ́ kan ní Santiago, olú-ìlú Chile, wọ́gi lé ẹ̀sùn olè tí wọ́n fi kan òṣìṣẹ́ kan ní 2025, ìtàn náà tún gba orí ìròyìn. 500,000 peso ló yẹ kí ilé iṣẹ́ oúnjẹ tó ń bá ṣiṣẹ́ san fún un lóṣù kan ní 2022. 165,398,851 ló wọ àkáǹtì rẹ̀, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ti gbà pé ilé ẹjọ́ fi owó náà ta á lọ́rẹ. Rárá o. Ilé ẹjọ́ ní kì í ṣe olè. Kò ní owó náà ti di tirẹ̀.

Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Èkó, níbi tí ilé iṣẹ́ tò lọ lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó lọ sí Àpápá, kì í sábà dé ti olè. Ohun tó ń ká òṣìṣẹ́ lára ni ìparí oṣù tí alẹ́ẹ̀tì wọlé, tí owó sì dín, nítorí pé ọ̀gá ti yọ owó tó ṣèèṣì lé tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀ka 5 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1974, gba ọ̀gá láyè láti yọ owó tó bá ṣèèṣì lé. Àmọ́ òfin kan náà so ó lọ́wọ́ lọ́nà méjì. Owó tó lé láàárín oṣù mẹ́ta tó ṣáájú oṣù tí wọ́n rí àṣìṣe náà nìkan ló lè yọ. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń gba 90,000 náírà. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ti ń ṣèèṣì fi 20,000 lé e, oṣù Bélú ni wọ́n tó rí i. 200,000 náírà ti wọlé. Ti oṣù Ògún, Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà ni òfin jẹ́ kí wọ́n yọ, ìyẹn 60,000. Wọn kò sì lè yọ ju 30,000 lọ lóṣù kan, nítorí náà ó di oṣù méjì, ó kéré tán.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbowó oṣù lòfin yìí bò. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka 91 ti là á sílẹ̀, àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ló ń pè ní òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń di ọjà sínú páálí ní Ìsọlọ̀ wà níbẹ̀. Olùwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní FIIRO, ilé iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Òṣòdì, kò sí níbẹ̀. 

140,000 tó kù ńkọ́? Owó oṣù yíyọ ni ẹ̀ka 5 ń sọ. Láti ìgbà ẹjọ́ Kelly àti Solari ní London ní 1841 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì, tí Nàìjíríà jogún, ti gbà pé ẹni tó ṣèèṣì sanwó lè béèrè rẹ̀ padà. Ó jọ pé ọ̀gá ṣì lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ kò yẹ kó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Ó sì dà bí ẹni pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ pé owó lé ti fi san owó ilé àti owó ilé ìwé. Kí ọ̀gá tó fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni, ó yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: oṣù wo ni wọ́n rí àṣìṣe náà, oṣù wo ni owó lé, èló ni wọn yóò máa yọ.