KÍ ÌJÀ OWÓ ỌJÀ TÓ DÉ, Ẹ YẸ FÓÒNÙ WÒ: Ó LÈ JẸ́ Ọ̀RỌ̀ ÀNÁ LÓ Ń SỌ!

Ìjà kan wà láàrin ọlọ́jà àti oníbàárà láyé òde òní tí kò sí olè nínú àwọn méjèèjì. Ẹ wò ó báyìí: ìyá oníbàtà gbé ọjà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kọ ₦8,000 sí i. Nígbà tí ọjà gbówó lórí, ó yí i sí ₦9,500. Oníbàárà dé, ó na fóònù sí i: "Màmá, ₦8,000 lẹ kọ síbí o! Ṣé torí ẹ rí mi lẹ ṣe fowó lé e?" Ìyá ní: "Ọmọ mi, àtìjẹta ni mo ti yí i." Ariwo ta! Bẹ́ẹ̀, òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. Fóònù oníbàárà ló gbé owó àná jáde.

Ohun tó ń fà á nìyí. Ọ̀nà jíjìn ni àwòrán àti ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wá, dátà ló sì ń rù wọ́n wá. Kí fóònù má baà máa rin ìrìn kan náà lójoojúmọ́, ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà wọn sínú ara rẹ̀, bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń lọ ata ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń dín dátà kù, ó sì ń yá. Àmọ́ ata tó bá pẹ́ jù, kíkan ló ń kan!

Ibi ìpamọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní "cache". Bíi "káàṣì" ló ṣe ń dún létí, ìyẹn ló ń já àwọn kan láyà pé táwọn bá tẹ "Clear cache," owó àwọn á parẹ́. Rárá o! Látinú èdè Faransé ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, fífi nǹkan pamọ́ ló sì dúró fún. Kò kan kọ́bọ̀ yín ní báńkì.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tòní. Maurice Wilkes, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1965. Ní 1997, òfin íntánẹ́ẹ̀tì tuntun jẹ́ kí ẹni tó ni ojú ìwé lè sọ iye àkókò tí ẹ̀dà yóò lò kí fóònù tó lọ béèrè tuntun. Àwọn àgbà ṣáà ti wí i tẹ́lẹ̀: bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Ọ̀NÀ ÀBÁYỌ

Àkọ́kọ́, ẹ fi ìka fa ojú ìwé náà wá sílẹ̀ kó lè tún ara rẹ̀ gbé wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ti tó.

Èkejì, tó bá ṣorí kunkun lórí Chrome, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta òkè, ẹ wá "Delete browsing data." "Cached images and files" nìkan ni kẹ́ ẹ mú. Tẹ́ ẹ bá mú "Cookies" mọ́ ọn, ẹ ó tún máa fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé káàkiri.

Ẹ̀kẹta, tó bá jẹ́ áàpù lórí Android, ẹ lọ sí "Settings," "Apps," ẹ tẹ orúkọ áàpù náà, kẹ́ ẹ tẹ "Storage." Ibẹ̀ lẹ ti máa rí "Clear cache."

Ẹ ṢỌ́RA O! Bọ́tìnnì kejì wà nítòsí rẹ̀: "Clear storage" tàbí "Clear data." Ẹ má fọwọ́ kàn án! Tó bá jẹ́ WhatsApp ni, ṣe ló máa dà bí ìgbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ oníbàárà àti àwòrán iṣẹ́ tẹ́ ò bá ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn lè bá a lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ojú ìwé ọjà, ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣe é pé kó dín àkókò ẹ̀dà owó ọjà kù. Tẹ́ ẹ bá sì pààrọ̀ àwòrán, kó fún un ní orúkọ tuntun, kí fóònù lè mọ̀ pé ọjà mìíràn ló dé.

Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ o. Tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́ tán, ojú ìwé á kọ́kọ́ fà, á sì jẹ dátà díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì pè yín pé òun fẹ́ bá yín pa á rẹ́, tó wá ń béèrè PIN báńkì, gbájúẹ̀ ni. Iṣẹ́ yìí kò lò PIN kankan.