Ọwọ́ Onífọ́tò Lára Káàdì Òkè Adirondack

Henry M. Beach, onífọ́tò tí wọ́n bí ní 1863 tó sì kú ní 1943, rìn káàkiri àwọn òkè Adirondack ní àríwá ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lowville ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó iṣẹ́, lẹ́yìn náà ó ṣí lọ sí Remsen. Ó ya adágún, ó ya òkè, ó ya hòtẹ́ẹ̀lì etí omi àti ibùdó rélùweè, ó wọ àgọ́ àwọn agégẹdú nínú igbó, ó dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi igi ṣe bébà. Ohun tó bá yà, ó ń sọ ọ́ di póòsìkáàdì tí àlejò àti onílé lè fi sítáǹbù lé, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́.

Àwọn tó ń kó káàdì àtijọ́ jọ ń wá iṣẹ́ rẹ̀ kiri lónìí, bí wọ́n ṣe ń wá ti àwọn onífọ́tò àdúgbò mìíràn tó ṣe bíi tirẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni kó mú onífọ́tò kan ṣoṣo àti agbègbè kan ṣoṣo, kó kọ́ ọwọ́ onífọ́tò náà títí yóò fi dá a mọ̀ láìsí orúkọ. Ẹni tó bá ń ra èyí tó bá ṣáà ti dára lójú yóò ná owó rẹpẹtẹ, káàdì á kún ilé, kò sì ní lè sọ ìtàn ìkankan nínú wọn.

Ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èyí tó pọ̀ jù nínú póòsìkáàdì ìgbà yẹn ni wọ́n fi yíǹkì tẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Jámánì. Èyí tí à ń sọ yìí kò gba orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọjá rárá, fọ́tò ni wọ́n fọ̀ sórí káàdì gan-an. Ilé iṣẹ́ bíi Kodak ń ta káàdì tí wọ́n ti fi èròjà fàdákà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ kùn lójú, tí wọ́n sì ti tẹ POST CARD sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú yàrá òkùnkùn, onífọ́tò á gbé nẹ́gátíìfù lé káàdì náà kí àwọn méjèèjì fara kanra, á jẹ́ kí iná tàn sí i fún ìgbà díẹ̀, á rì í sínú omi tó ń mú àwòrán jáde, á tún rì í sínú háípò kí ìmọ́lẹ̀ má baà lè bà á jẹ́ mọ́, á fi omi ṣàn án, á sá a kó gbẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe é báyìí. Fún ìdí yìí, káàdì méjì láti inú nẹ́gátíìfù kan náà lè yàtọ̀: ọ̀kan dúdú jù, èkejì sì funfun jù. Ó sì lè jẹ́ pé mẹ́wàá péré ni wọ́n fọ̀ lára àwòrán kan.

Ní 1903, Kodak gbé kámẹ́rà kan jáde, No. 3A Folding Pocket Kodak, tí nẹ́gátíìfù rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 3¼ ní ìbú àti 5½ ní gígùn, ìwọ̀n póòsìkáàdì gẹ́lẹ́. Ẹni tí kì í ṣe onífọ́tò pàápàá lè ya ọmọ rẹ̀ lówùúrọ̀ kó sì fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun ní tiwọn sábà máa ń lo nẹ́gátíìfù gíláàsì, èyí tó wúwo tó sì ń fọ́, ṣùgbọ́n tí àwòrán rẹ̀ máa ń mọ́ kedere.

Ètò ìfìwéránṣẹ́ náà sì bá a mu. Láti 1902 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ gbígbé lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará oko di iṣẹ́ tí kò ní dáwọ́ dúró. Sẹ́ǹtì kan péré ni sítáǹbù káàdì nígbà náà. Títí di òpin oṣù Kejì 1907, àdírẹ́sì nìkan ni òfin gbà lẹ́yìn káàdì, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ á há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún náà ni wọ́n gbà kí ìlà pín ẹ̀yìn sí méjì, ọ̀rọ̀ lápá òsì, àdírẹ́sì lápá ọ̀tún. Láàárín oṣù méjìlá tó parí sí oṣù Kẹfà 1908, póòsìkáàdì tó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà kọjá lé ní mílíọ̀nù 677.

Bí káàdì bá wá dé ọwọ́ yín, gíláàsì amúǹkantóbi ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé. Èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá tó. Ẹ gbé e lé ibi tí òkè ti pàdé ojú ọ̀run. Bí ẹ bá rí àmì tótòtó tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí dúdú bá ń yọ́ wọnú funfun láìsí tótó kankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fọ́tò. Mo ní ó ṣeé ṣe, nítorí ọ̀nà ìtẹ̀wé kan wà tó ń jẹ́ collotype tí kì í fi tótó hàn bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ gíláàsì, ó máa ń ṣe hẹ́rẹhẹ̀rẹ bí awọ tó sán wẹ́wẹ́. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi tẹ àwọn póòsìkáàdì Edmond Fortier, ọmọ Faransé tó fi Dakar ṣe ibùjókòó tó sì ya Dahomey. Ẹni wa tó bá rí àwòrán Abomey tí Fortier yà lè rà á tayọ̀tayọ̀, ohun iyebíye ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi lọ̀ yín pé fọ́tò tí wọ́n fọ̀ ni, ẹ má gbà.

Ẹ tún dẹ káàdì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ́lẹ̀. Lára fọ́tò tó ti pẹ́, ibi tó dúdú jù, pàápàá létí, sábà máa ń dán gbinrin bí irin, nítorí fàdákà inú rẹ̀ ti ń yọ sójú. Yíǹkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá yí i padà. Ní igun òkè lápá ọ̀tún, níbi tí sítáǹbù ń jókòó sí, ẹ ó rí àpótí kékeré kan tí wọ́n fi orúkọ bébà yí ká: AZO, VELOX, CYKO, KRUXO, NOKO. Kodak ló ni Azo àti Velox. Leo Baekeland ló ṣe Velox, ó sì tà á fún George Eastman ní 1899. Ansco ló ni Cyko. Àwọn tó ti ń kó káàdì jọ tipẹ́ fi àìmọye káàdì tó ní déètì wéra, wọ́n sì ti rí ìgbà tí oríṣi àpótí kọ̀ọ̀kan wà lọ́jà. AZO tí àmì onígun mẹ́ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ibẹ̀ kọjú sókè jẹ́ ti nǹkan bí 1904 sí 1918. Èyí tí méjì kọjú sókè tí méjì kọjú sísàlẹ̀ jẹ́ ti nǹkan bí 1918 sí 1930. Bí ẹ bá rí EKC, ẹ ti bọ́ sí nǹkan bí 1940 sí 1950 nìyẹn, Beach sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò láyé tàbí ó ti lọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Déètì bébà ni àpótí yìí ń sọ, kò sọ ti àwòrán. Onífọ́tò lè fọ nẹ́gátíìfù 1910 sórí bébà tó rà ní 1922 bí hòtẹ́ẹ̀lì bá ṣì ń béèrè fún un. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ náà kò sọ ju pé káàdì ti wà ní ọjọ́ yẹn lọ. Ó lè ti pẹ́ lórí àtẹ oníṣọ́ọ̀bù kí ẹnì kan tó rà á. Nítorí náà, ẹ fi ohun tó wà nínú àwòrán kún ẹ̀rí méjèèjì: oríṣi mọ́tò, gígùn yẹ̀rì àwọn obìnrin, òpó tẹlifóònù, ilé tí iná jó ní ọdún tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bí ẹ̀rí mẹ́ta bá fẹnu kò, ẹ lè kọ ọdún sílẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Bí wọ́n bá ń jiyàn, nǹkan kan wà tí ẹ kò tíì rí.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ìkọ̀wé ojú káàdì. Onífọ́tò ló ń fi yíǹkì kọ orúkọ ibi tó yà sórí nẹ́gátíìfù. Yíǹkì á dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, káàdì abẹ́ rẹ̀ kò ní dúdú, lẹ́tà á sì jáde ní funfun. Ojú nẹ́gátíìfù tí èròjà wà ni yóò kan káàdì, àwòrán ojú yẹn sì yí òdì, nítorí náà ó di dandan kí òǹkọ̀wé náà kọ lẹ́tà rẹ̀ ní òdì, láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì. Ẹni tó ń kánjú á gbàgbé láti yí N tàbí S, ìyẹn ló fà á tí a fi ń rí N tó kẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí lára ọ̀pọ̀ káàdì ìgbà náà. Bí lẹ́tà bá dúdú dípò kó funfun, ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló fi ha nẹ́gátíìfù, tí ìmọ́lẹ̀ sì ráàyè kọjá níbẹ̀.

Ìkọ̀wé yìí ni ilà ojú káàdì. Ọ̀pọ̀ káàdì kò ní orúkọ onífọ́tò lára. Òmíràn ní in, àmọ́ wọ́n ti gé etí rẹ̀ kó lè wọ inú férémù. Ẹ kó èyí tí orúkọ Beach hàn kedere lára rẹ̀ jọ ná, kódà bó jẹ́ ẹ̀dà orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ wo bó ṣe ń tẹ ìrù G, bó ṣe ń so lẹ́tà pọ̀, bó ṣe ń gé N.Y. kúrú, igun tó ń kọ̀wé sí, bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé èyí tí kò lórúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lẹ́tà kan kò tó láti fi dájọ́, mẹ́rin tàbí márùn-ún tó bára mu ni mo máa ń fẹ́ rí. Ẹ tún rántí pé ọmọ iṣẹ́ lè bá ọ̀gá kọ ọ́, àti pé onífọ́tò kan máa ń ra nẹ́gátíìfù ẹlòmíràn, kó pa orúkọ rẹ́, kó kọ tirẹ̀ sí i. Ibi tí wọ́n ti ha orúkọ kúrò máa ń fi àpá sílẹ̀ lórí ojú ọ̀run tàbí omi, gíláàsì yín á sì fi hàn yín.

Bí nọ́ńbà bá wà, ẹ ṣí ìwé fún un: nọ́ńbà, àkọlé, oríṣi ẹ̀yìn, òǹtẹ̀. Àwọn onífọ́tò kan ń to nọ́ńbà bí ọjọ́ ti ń lọ, àwọn mìíràn ń fi bulọ́ọ̀kù nọ́ńbà kan fún ìlú kan, àwọn kan kàn ń kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Kì í pẹ́ tí àkọsílẹ̀ yín fi ń sọ èyí tó jẹ́, tí ẹ ó sì mọ káàdì tó yẹ kó wà tí ẹ kò tíì rí. Robert Bogdan, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Syracuse, tọpa Beach lọ́nà sùúrù bẹ́ẹ̀, ìwé tó kọ lórí rẹ̀, Adirondack Vernacular, jáde ní 2003. Lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà, òun àti Todd Weseloh gbé Real Photo Postcard Guide jáde, mo sì gbà pé kí olùbẹ̀rẹ̀ ra ìwé yẹn kó tó ra káàdì.

Èwo wá ni ká rà? Adágún tó dákẹ́ rọ́rọ́ láìsí ènìyàn ló pọ̀ jù lọ́jà, owó rẹ̀ kì í sì í ga, nítorí òun ni àlejò ń rà nígbà náà, òun ni wọ́n sì fọ̀ jù. Káàdì àwọn agégẹdú tó tò síwájú àgọ́, pẹ̀lú alásè àti ẹṣin wọn, kò ní oníbàárà ju àwọn tó wà nínú àwòrán náà lọ. Ìwọ̀nba ni wọ́n fọ̀, ìwọ̀nba ló kù, owó rẹ̀ sì ń ga. Seneca Ray Stoddard ti Glens Falls ti fi àwòrán òkè wọ̀nyí hàn ṣáájú Beach, débi pé ní 1892 ó fi wọ́n bá àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New York sọ̀rọ̀ ní Albany, ọdún yẹn gan-an ni òfin dá Ọgbà Adirondack sílẹ̀. Ohun tí Beach fi kún un ni àwọn tó ń fi òkè náà jẹun, ìdí tí mo fi ka káàdì ilé iṣẹ́ bébà sí ju káàdì ìwọ̀-oòrùn lórí omi lọ nìyẹn.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn káàdì pẹ̀lú. Ní Saranac Lake, láàárín òkè wọ̀nyí, Edward Livingston Trudeau dá ibi ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ sílẹ̀ ní 1884, àwọn aláìsàn sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn láti fa afẹ́fẹ́ òkè símú. Káàdì tí àwòrán rẹ̀ kò ju òpópónà lásán lọ lè gbé ọ̀rọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn. Olùtajà tí kì í ka ẹ̀yìn yóò tà á ní pọ́ọ́kú.

Ayédèrú wà. Iná UV tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báńkì wúlò níbí: bébà tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1950 sókè sábà ní èròjà amúǹkan-funfun tó máa ń tàn búlúù lábẹ́ iná náà, bébà ìgbà Beach kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tàn, fọ́tò òde òní ni, ohunkóhun tí ì báà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ kó wọn sínú àpò polyester tàbí polypropylene, ẹ má lo náílọ́ọ̀nù PVC rírọ̀, nítorí ó ń tú èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ ojú fọ́tò. Ẹ yẹra fún sẹ́lótéèpù, rọ́bà àti báírò. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà yín sẹ́yìn. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa fọ́tò jù, ẹni tó bá ń gbé ní Èkó ní láti kíyè sí èyí ju ẹni tó wà ní New York lọ: ẹ gbé wọn jìnnà sí ògiri tó ń mu omi, ẹ sì máa ṣí àpótí wò nígbà òjò.

Títò wọn ló kù. Ẹ ra máàpù agbègbè náà, kí ẹ fi àmì sí ibi tí Beach dúró nígbà tó ya káàdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tò wọ́n bí ọ̀nà àti rélùweè ṣe gba inú òkè lọ. Bí káàdì méjì bá ya ibì kan náà ní ọdún ọ̀tọ̀, ojú ewé kan náà ni kí wọ́n wà, èyí tó ṣáájú lápá òsì. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Blue Mountain Lake ní fọ́tò Adirondack rẹpẹtẹ nípamọ́. Bí àyè kan bá ṣófo lórí máàpù yín, ilé náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà àti àkọlé káàdì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì àyè náà sínú rẹ̀.