Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Pa Èjìká Lára: Ẹ̀tọ́ Wo Ni Mùsùlùmí Ní Lábẹ́ Òfin?



Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a parí àsàlátù ní Agboyi, ìyá kan dúró dè mí ní ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí. Ata àti tòmátì ni ó ń tà. Ọjà Mile 12 ni ó ti ń rà á, yóò gbé e dé etí omi ní ọ̀nà Kétu, yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Agboyi, nítorí omi ló yí ìlú náà ká. Ó ní, "Ààfáà, ẹ má bínú, apá ọ̀tún mi kò gòkè mọ́. Bí mo bá fẹ́ wọ ìrun, ọwọ́ òsì nìkan ni mo ń gbé sókè. Ìbòrí mi gan-an, ọmọ mi ló ń bá mi dè é."

Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn ni òun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òun jókòó, ẹni tó gún un wà lórí ìdúró, ó fa ọrùn aṣọ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gún abẹ́rẹ́ náà sí òkè èjìká pátápátá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìrora ti dé, kò sì tíì lọ títí di òní. Ó ti ra oògùn ìrora títí owó ọjà fi ń tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ń sanwó fún aláàárù kí wọ́n tó lè bá a gbé ẹrù tó máa ń fúnra rẹ̀ gbé tẹ́lẹ̀.

Ìmọ̀ràn méjì ni wọ́n ti fún un. Àwọn kan ní kádàrá ni, kí ó máa ṣe sùúrù. Àwọn kan ní kí ó kìlọ̀ fún gbogbo àdúgbò kí ẹnikẹ́ni má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́. Ó wá bi mí pé, "Ààfáà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá béèrè owó gbà-má-bínú?"

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin fún ọ̀rọ̀ yìí ní àkókò, ó sì ń béèrè ẹ̀rí. Ẹni tó bá jókòó títí àkókò fi kọjá, tàbí tí kò tọ́jú ẹ̀rí, lè ní òtítọ́ lọ́wọ́ kí ó má sì rí nǹkan kan gbà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí.

Kí ló ń ṣe èjìká náà?

Ẹran apá tó nípọn, tó wà nísàlẹ̀ eegun èjìká, ni wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ sí. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera fi ọwọ́ wá ibi tí eegun èjìká parí sí, kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì sí mẹ́ta kí ó tó gún un. Bí ó bá gún un sókè jù, abẹ́rẹ́ lè wọ oríkèé èjìká, tàbí àpò omi kékeré tó ń jẹ́ kí eegun àti iṣan máa yọ̀ lára ara wọn. Oògùn tó yẹ kó bọ́ sínú ẹran yóò bọ́ síbi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀, ibẹ̀ yóò sì wú.

Ìrora tí gbogbo wa mọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kì í sábà ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Eléyìí yàtọ̀. Láàárín wákàtí 48 ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í lọ bọ̀rọ̀, apá kì í sì fẹ́ gòkè. Ní ọdún 2010, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa èèyàn 13 tí irú rẹ̀ ṣe, orúkọ tí wọ́n fún un ni wọ́n ń gé kúrú sí SIRVA. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ibi tí wọ́n gún un sí ló dá wàhálà sílẹ̀, kì í ṣe pé oògùn náà burú. Nítorí náà, ó lè ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí àwọn aboyún ń gbà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ Kòrónà, àti pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mẹninjáítísì tí àwọn tó ń lọ sí Hájì máa ń gbà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ṣé kádàrá kò tó?

Ìgbàgbọ́ nínú kádàrá jẹ́ ọ̀kan nínú òpó ìgbàgbọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun tó kọ kádàrá náà ló ṣe òfin owó ẹ̀jẹ̀. Nínú Suratu Nisai, ayah 92, Ọlọ́hun sọ ọ́ di dandan pé kí a san owó ẹ̀jẹ̀ fún ará ilé onígbàgbọ́ tí a ṣèèṣì pa, àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ wò ó, àṣìṣe ni, kì í ṣe ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe, síbẹ̀ ẹ̀tọ́ kò bọ́. Ẹni tí ẹ̀tọ́ jẹ́ tirẹ̀ ló lè yọ̀ǹda; ẹlòmíràn kò lè bá a yọ̀ǹda rẹ̀ nípa pé kí ó máa ṣe sùúrù.

Ní ti ìwòsàn gan-an, nínú hadith tí Abu Dawud àti Ibn Majah gbà wá, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ kó yé wa pé ẹni tó bá ń ṣe ìwòsàn, tí a kò sì mọ̀ ọ́n sí oníṣègùn, òun ni yóò dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibn al-Qayyim ṣe àlàyé síwájú sí i. Oníṣègùn tó mọ iṣẹ́, tó ṣe é bó ṣe yẹ, tí ara aláìsàn kò sì gbà á, kò jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ṣìnà síbi tí kò yẹ, ọ̀rùn wọn ni gbèsè wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí kóòtù wa náà kò jìnnà sí i, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i láìpẹ́.

Ibi tí ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀

Àwọn èèyàn wa tó ń ka ìwé yìí láti Amẹ́ríkà yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀ tí kò gba pé kí wọ́n bá dókítà jà. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1986 dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá pa lára, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1988. Owó orí sẹ́ńtì 75 ni wọ́n ń yọ fún àpò náà lórí àrùn kọ̀ọ̀kan tí abẹ́rẹ́ ń dènà. Ní 2017, wọ́n fi ìpalára èjìká sínú àkọsílẹ̀ ohun tí àpò náà ń sanwó lé lórí. Ẹni tó ń béèrè kò ní láti fi hàn pé ẹnìkan jẹ̀bi. Ohun tí yóò fi hàn ni pé èjìká náà kò dùn ún tẹ́lẹ̀, pé ìrora bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 48, pé èjìká tí wọ́n gún nìkan ló ń dùn ún, pé kò sí àìsàn mìíràn tó fà á. Ìpalára náà gbọ́dọ̀ ti ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kó gba iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn. Ọdún mẹ́ta láti ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀ ni gbèdéke. Abẹ́rẹ́ Kòrónà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ètò mìíràn ni tirẹ̀, ọdún kan péré sì ni gbèdéke níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1979 ló dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. £120,000 ni wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gbà pé ìpalára náà tó ìdá 60 nínú 100. Èjìká nìkan kì í sábà dé ibẹ̀, nítorí náà ọ̀nà kóòtù ni ọ̀pọ̀ ń gbà.

Nàìjíríà ńkọ́?

Àwa kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Nígbà àrùn Kòrónà, ètò COVAX tí Àjọ Ìlera Àgbáyé wà nínú rẹ̀ gbé owó ìrànwọ́ kan kalẹ̀ ní 2021 fún orílẹ̀-èdè 92, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ Kòrónà tó bá gba ọwọ́ ètò náà wá nìkan ni, àti ìpalára tó le gan-an. Fún abẹ́rẹ́ yòókù, kóòtù ló kù: ẹni tó pe ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òṣìṣẹ́ ìlera náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìbìkítà, pé àìbìkítà yẹn gan-an ló fa ìpalára, àti ohun tó ná an.

Kì í ṣe nǹkan kékeré. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ojo ṣe iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Benin, abẹ́rẹ́ tó kán sì kù sí i nínú. Ó pe àwọn dókítà lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, tó dá a ní 2006. Ó pàdánù. Lójú tirẹ̀, abẹ́rẹ́ tó wà nínú ara ti tó ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní abẹ́rẹ́ lè kán lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ra, kò sì mú onímọ̀ ìṣègùn kankan wá láti sọ pé àwọn dókítà náà kò ṣe ohun tó yẹ. Ìrora nìkan kò tó, àfi kí onímọ̀ bá a sọ ọ́.

Ẹ tún rántí Kano. Ní 1996, nígbà tí mẹninjáítísì ń pa àwọn ọmọdé, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára wọn. Oògùn ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, 11 nínú wọn kú. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ní 2009 ó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano ṣe àdéhùn $75 mílíọ̀nù. Ọdún 2011 ni ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gba $175,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún 15 ti kọjá. Kí wọ́n tó sanwó, wọ́n béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ DNA láti mọ̀ pé òótọ́ ni ọmọ wọn wà níbẹ̀.

Àkókò kì í dúró de ẹnikẹ́ni

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún mẹ́ta ni òfin fún ẹni tí àìbìkítà ẹlòmíràn pa lára láti pe ẹjọ́. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn wà tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, oṣù mẹ́ta péré ló sì fún ẹni tó fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ jùlọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gbà, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni a ti ń gbà á. Ẹni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ wò ó bóyá yóò lọ fúnra rẹ̀ títí oṣù kẹrin, lọ́yà lè sọ fún un pé ilẹ̀kùn ti tì.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Bí apá kò bá gòkè lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ gba abẹ́rẹ́ fún un, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fa apá náà nílé. Ìtọ́jú wà fún un: oògùn, ìdárayá tí àwọn onímọ̀ máa ń kọ́ni, nígbà mìíràn abẹ́rẹ́ tó ń mú wíwú lọlẹ̀.

Ẹ tọ́jú káàdì àjẹsára, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Ẹ ya fọ́tò ojú abẹ́rẹ́ náà bí ó bá ṣì hàn. Gbogbo rìsíìtì oògùn, owó ọkọ̀, owó aláàárù, ẹ kó wọn pa mọ́. Ọlọ́hun tó pa á láṣẹ nínú Suratul Baqarah pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ènìyàn máa ń gbàgbé.

Ẹ padà sí ibi tí ẹ ti gba abẹ́rẹ́, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìròyìn ìpalára lẹ́yìn àjẹsára. NAFDAC náà ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀sùn sùn nípa bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá lọ́yà kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹni tí kò lówó lè lọ sí Legal Aid Council tàbí ọ́fíìsì OPD ti ìjọba Èkó. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá fẹ́ yanjú rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí, Citizens Mediation Centre ń parí ìjà láìgba kọ́bọ̀. Sulhu dára, Ọlọ́hun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ni wọ́n ń bá ṣe sulhu tó nítumọ̀.

Ẹ má ṣe sá fún abẹ́rẹ́

Ìmọ̀ràn kejì tí wọ́n fún ìyá yìí léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rù tí ọ̀rọ̀ Trovan fi sílẹ̀ wà lára ohun tó mú kí Kano dá abẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní 2003. Àrùn náà gba ibẹ̀ tàn dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún 2020 kí wọ́n tó kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀ tó ń jà kiri láti ilẹ̀ wá. Àwọn ọmọ tó rọ nínú àárín ìgbà yẹn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bí ẹ bá jókòó láti gba abẹ́rẹ́, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ náà kí òun náà jókòó, kí ẹ ká apá aṣọ sókè dáadáa tàbí kí ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ níbi kọ́lọ́fín. Ẹ ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Kò sí ìwà àfojúdi nínú rẹ̀.

Ní ti ìyá wa, káàdì rẹ̀ ti rin sínú omi, ìnkì rẹ̀ sì ti parẹ́. Mo bá a lọ síbi tó ti gba abẹ́rẹ́ náà, wọ́n ṣí ìwé ńlá wọn, orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀dà. Ó ti rí dókítà, ó sì ti jókòó pẹ̀lú lọ́yà. Nígbà tí mò ń kọ èyí, ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí oṣù mẹ́ta pé. A kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ torí pé ó dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kí Ọlọ́hun fún un ní àlàáfíà, kí Ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tún gòkè fún ìrun. Amin.