Mọ̀ọ́mọ̀, Dìídì àti Fínnúfíndọ̀

Àwọn ògbufọ̀ a máa fi mọ̀ọ́mọ̀, dìídì àti fínnúfíndọ̀ rọ́pò ara wọn, ṣùgbọ́n òdìkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Òdìkejì ‘Ó mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ àwo náà’ ni ‘Ó ṣèèṣì fọ́ ọ’: ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ni. Òdìkejì ‘Ó dìídì lọ kí ìyá rẹ̀’ ni ‘Ó yà kí i’: ọ̀rọ̀ ìdí ìrìnàjò ni. Òdìkejì ‘Ó fínnúfíndọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọrẹ’ ni pé tipátipá ni ó fi ṣe é: ọ̀rọ̀ òmìnira ni. Nítorí náà, mọ̀ọ́mọ̀ ni ó yẹ ìwé ẹ̀sùn. Fínnúfíndọ̀ ni ó yẹ ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ abẹ. Aláìsàn tí a bá kọ ọ́ fún pé ‘Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbà’ yóò dàbí ẹni tí ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.