Kí Ẹ Tó Ra Driver àti Họ́ọ̀nù fún Sípíkà Tí Ẹ Fẹ́ Kàn

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kan sípíkà fúnra wọn máa ń ná owó tó pọ̀ jù sórí wúfà àti pákó. Owó tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n á fi ra driver àti họ́ọ̀nù èyíkéyìí tí ọlọ́jà bá gbé lé wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, apá òkè yìí ló ń jẹ́ kí etí mọ "fọ" yàtọ̀ sí "sọ". Tí ẹ bá ṣì í yàn, ariwo á pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kò ní gbọ́ ohun tí olùbánisọ̀rọ̀ ń wí.

Inú compression driver ni awọ tín-ínrín kan wà, tí wọ́n fi titanium, aluminium tàbí ike ṣe. Awọ yìí dojú kọ ihò tó kéré ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó sì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kí ó tó jáde. Họ́ọ̀nù ló ń gba afẹ́fẹ́ náà láti ọ̀fun rẹ̀, tó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹnu. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń sọ agbára díẹ̀ di ohùn púpọ̀, ó sì ń darí ohùn síbi tí a fẹ́.

Ohun mẹ́rin ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀fun. Ínṣì 1, 1.4 àti 2 ló wọ́pọ̀. Ihò driver àti ọ̀fun họ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ bára dọ́gba, nítorí pé tí ọ̀kan bá fẹ̀ ju èkejì, ohùn á kọlu etí ihò náà, á sì padà sẹ́yìn. Ẹ wò ó bákan náà bóyá yíyí ni wọ́n ń yí driver sínú họ́ọ̀nù tàbí bóòtù ni wọ́n fi ń dè é.

Ìkejì ni ibi tí wúfà ti máa gbé iṣẹ́ fún driver. Tí ohùn kò bá ní dínkù, ìgbàkígbà tí a bá gé frequency sí ìdajì, awọ tó wà lórí họ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ rìn ní ìlọ́po méjì. Láti 2000 Hz sí 1000 Hz, ìlọ́po 2. Tó bá di 500 Hz, ìlọ́po 4. Ibẹ̀ ni awọ ti ń ya. Ọ̀pọ̀ driver onínṣì 1 kì í fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ju nǹkan bí 1500 Hz lọ; ẹ ka ìwé àlàyé tirẹ̀. Kàpásítọ̀ kan ṣoṣo kò tó láti dáàbò bò ó. 6 dB péré ló ń gé ní octave kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ìrìn awọ náà ń fi 6 dB pọ̀ sí i. Crossover tó ń gé 18 tàbí 24 dB ló dára.

Ìkẹta ni ẹnu họ́ọ̀nù. Ní 1975, D. B. Keele ará Amẹ́ríkà kọ ìlànà kan tó rọrùn. Ẹ fi igun tí họ́ọ̀nù ń tan ohùn dé lọ́nà ìwọ̀n degree sọ fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀, kí ẹ wá fi èsì rẹ̀ pín 2,540,000. Họ́ọ̀nù oní-90 degree tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 30 cm lè darí ohùn dé nǹkan bí 940 Hz. Tí ẹnu bá jẹ́ 15 cm, 1880 Hz ló mọ. Nítorí náà, họ́ọ̀nù kékeré kò lè bá wúfà ńlá tí ẹ fẹ́ gé ní 1200 Hz ṣe.

Ìkẹrin ni bí ohùn ṣe le tó. Ká ní wúfà yín ń fún yín ní 97 dB lórí wátì 1, tí driver lórí họ́ọ̀nù ń fún yín ní 108 dB. Ìyàtọ̀ 11 dB nìyẹn. Tí ẹ kò bá fi rẹ̀sísítọ̀, tí wọ́n ń tò sí L-pad, dín driver kù, ohùn á máa gún etí, ó sì lè pa àwọn tó jókòó níwájú lára.

Nítorí náà, wúfà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀: ibo ló lè dé kí ohùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú? Ẹ fi ìyẹn yan fífẹ̀ họ́ọ̀nù, kí ẹ fi họ́ọ̀nù yan driver. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ driver bẹ̀rẹ̀ máa ń padà sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì.