Ṣé O Mọ̀? Ẹni Tí Wọ́n Pààrọ̀ Mùdùnmúdùn Eegun Rẹ̀ Máa Ń Rù

Ọdún 2011 ni ilé ìwòsàn Yunifásítì ìlú Benin fi mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn tọ́jú ọmọ kan tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Kí wọ́n tó fi tuntun sí ara, oògùn líle ni wọ́n fi ń pa ti àtijọ́. Oògùn yìí a máa dá egbò sẹ́nu àti ọ̀fun; bí oúnjẹ kò bá ṣeé gbé mì, aláìsàn á máa rù, wọ́n sì lè fi rọ́bà gba imú bọ́ ọ.

Bí aláìsàn náà bá ti lè jẹun, ẹ má fi ẹja dù ú o! Ẹja tó jinná dáadáa dára fún un. Ẹja tàbí edé tí kò jinná ló léwu, torí ara aláìsàn náà kò tíì lè bá kòkòrò àrùn jà. Àgbo ńkọ́? Ẹ bi dókítà ná.